Ṣé kí ẹ ra kọ́ìnì ‘pattern’ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀? Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó ń kó kọ́ìnì àtijọ́ jọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan máa sọ fún yín pé ‘pattern’ ni èyí tó wà lọ́wọ́ òun, pé kò wọ́pọ̀, kí ẹ tètè sanwó. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Kí ni ‘pattern’?

Kọ́ìnì àdánwò ni. Kí ìjọba tó rọ owó tuntun fún aráàlú, wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ láti wo bí àwòrán, ìwọ̀n àti irin rẹ̀ ṣe máa rí. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kì í dé ọjà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́n.

Ẹ wo ti Ọba Edward Kẹjọ

Oṣù Kìíní 1936 ló gorí ìtẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà ló sì kúrò níbẹ̀. Kọ́ìnì olórí rẹ̀ tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún 1937 kò jáde mọ́. Tọ́rọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gba kọ́ìnì, kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Àwọn kan ò padà. Ní 2020, ẹnì kan ra kọ́ìnì wúrà rẹ̀ kan ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nílẹ̀ wa. Kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti onínì onihò ti 1936 tó ní orúkọ Edward jáde, wọ́n sì ná an lọ́jà káàkiri Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Wọ́n pọ̀. Wọn kì í ṣe ‘pattern’, ẹ má san owó ‘pattern’ lé wọn.

Bákan náà, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ti ṣe kọ́ìnì tó ní orí Edward àti ọdún 1936 tàbí 1937 lára, lẹ́yìn tí ọba ti kúrò lórí ìtẹ́ tipẹ́. Ìjọba kọ́ ló rọ ọ́.

Ẹ béèrè nǹkan márùn-ún yìí

1. Ta ló rọ ọ́? Ẹ wá a nínú ìwé àkójọ kọ́ìnì.
2. Ṣé ìwọ̀n, fífẹ̀ àti irin rẹ̀ bá ìwé mu? Ẹ fi òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n. Tí ìlà bá yí etí rẹ̀ ká bí ibi tí wọ́n ti lẹ nǹkan méjì pọ̀, ẹ fura.
3. Ṣé NGC tàbí PCGS ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ yẹ nọ́ńbà ara ike rẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì fi àwòrán ibẹ̀ wé e, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà.
4. Ọwọ́ ta ló ti kọjá? Ẹ gba rìsíìtì.
5. Ta ló máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la? Àwọn tó ń ra ‘pattern’ ò pọ̀, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí ẹni gbà á. Ẹ má fi owó ilé ìwé ọmọ rà á o.

Tí ọlọ́jà bá kọ̀ kí ẹ wọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀ nípa kọ́ìnì, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin tó sì ní kọ́ìnì àwọn ìyá àgbà nínú àpótí, ẹ má fi yanrìn tàbí ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yẹn máa ń já iye rẹ̀ wálẹ̀ ni.