Àlùfáà Henslow àti Àwọn Ọmọ Hitcham

Ní ọdún 1837 ni a fi John Stevens Henslow jẹ àlùfáà ìjọ Hitcham, ìletò àgbẹ̀ ní ẹkùn Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ewéko ni ní Cambridge, òun ni ó sì kọ́ Charles Darwin. Síbẹ̀ kò ka ọmọ alágbàṣe sí ẹni tí ìmọ̀ kò tọ́ sí. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1850, ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìletò náà jọ. Wọn a já òdòdó wá láti inú oko, wọn a tú u palẹ̀, wọn a ka ẹ̀yà rẹ̀ gbogbo, wọn a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí òun tìkára rẹ̀ bá ń tọ́jú ewéko, a máa lẹ púpọ̀ nínú irú kan mọ́ ojú ìwé kan, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilá kan pé kí ó ka igun rẹ̀, ọ̀kan lè rí 5, òmíràn 8. Nígbà púpọ̀ ni àwa ti pe irú ọmọ kejì yìí ní òpùrọ́, tí a sì gbé pàṣán, nítorí pé iye tirẹ̀ kò bá ti ojú pátákó mu. Ọmọ náà kò purọ́. Ilá ọwọ́ rẹ̀ ni ó kà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì kó iye wọn jọ, nígbà náà ni a ó mọ ìwà ilá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.