Ọ̀kọ̀ Nínú Ọkọ̀: Ìtàn Ẹja Walleye ní Wisconsin

Ẹni tó bá ń gbé àríwá Wisconsin bíi tèmi á ti gbọ́ orúkọ walleye títí á fi sú u. Àwọn aláìsàn tí mò ń tọ́jú kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: yìnyín ti yọ́ àbí kò tíì yọ́, ẹja ti ń gòkè àbí kò tíì gòkè? Ojú ẹja yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò, ìdí nìyẹn tó fi ń ríran dáadáa lóru àti nínú omi dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn oníwọ̀, lódò Wolf. Tí yìnyín bá yọ́, walleye á kúrò ní adágún Winnebago, á gòkè odò lọ yé ẹyin sínú koríko àbàtà tí omi bò. Apẹja á ti dúró dè é nínú ọkọ̀ kékeré, á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, á kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Okùn rẹ̀ pín sí méjì nísàlẹ̀: ọ̀kan kúrú, òjé ló wà lẹ́nu rẹ̀, èkejì gùn, ìwọ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. Òjé á balẹ̀, ìdẹ á máa jù fìrì lókè ilẹ̀ díẹ̀. Orúkọ odò yẹn ni wọ́n fi ń pe irú okùn bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn míì kì í dá ọkọ̀ dúró rárá. Wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì dẹ ọkọ̀ lọ́wọ́, kó lè máa bá omi sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n tí okùn á fi dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀. Bí okùn bá tẹ̀ sẹ́yìn báyìí, wàhálà dé, torí walleye kì í já ìdẹ gbà, ńṣe ló máa ń fà á mu. Kó tó di 1909 tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé ní Milwaukee, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ àti agbára apá ni wọ́n ń lò.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn Ojibwe, àwọn onílẹ̀, ti wà tipẹ́ ṣáájú gbogbo ìyẹn. Ogaa ni wọ́n ń pe ẹja náà. Lóru, nígbà tí ẹja bá wá yé ẹyin síbi tí omi ò jìn, wọ́n á gbé ògùṣọ̀ sí imú ọkọ̀ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Ẹnì kan á máa tukọ̀, ẹnìkejì á dìde dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀kọ̀ eléyín. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan ojú ẹja, ojú náà á dán yanran, ọ̀kọ̀ á sì balẹ̀. (Ọ̀kọ̀ nínú ọkọ̀: ẹ wo bí èdè wa ṣe gbà á!) Nítorí iná yìí ni àwọn Faransé fi pe ibì kan ní Lac du Flambeau, ìyẹn adágún ògùṣọ̀. Lónìí, iná bátìrì ti rọ́pò ògùṣọ̀, ojú ẹja ò yí padà.

Ní 1837 àti 1842, àwọn Ojibwe bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Wọ́n fi ilẹ̀ ńláńlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹ̀tọ́ láti dọdẹ àti láti pẹja lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1908, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Wisconsin ní ẹ̀tọ́ náà ti kú lọ́jọ́ tí Wisconsin di ìpínlẹ̀. Bó ṣe di pé ẹni tó fi ìwọ̀ mú walleye ń gbafẹ́ nìyẹn, tí Ojibwe tó fi ọ̀kọ̀ mú un lẹ́yìn ààlà tí wọ́n pa fún wọn sì di ọ̀daràn. Ní 1974, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti Lac Courte Oreilles mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ààlà, wọ́n lu yìnyín, wọ́n fi ọ̀kọ̀ pẹja, ni wọ́n bá mú wọn. Ó di 1983 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó sọ pé àdéhùn yẹn ṣì wà láàyè.

Kí ló tẹ̀lé e? Òkúta. Títí di 1991, èrò á pé jọ sétí omi lóru, wọ́n á máa sọ òkúta lu àwọn tó ń wọkọ̀, èébú burúkú á máa dà. Wọ́n ní àwọn Ojibwe fẹ́ pa ẹja tán. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn Ojibwe jọ ṣe, tó jáde ní 1991, fi hàn pé irọ́ ni. Ẹja tí wọ́n bá fi ọ̀kọ̀ mú, wọ́n ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, létí omi. Ti àwọn oníwọ̀ ńkọ́? Ìfojúdá ni.

Àjọ tí àwọn Ojibwe dá sílẹ̀ ní 1984, Great Lakes Indian Fish and Wildlife Commission, wà lára àwọn tó ń bójú tó kíkà yìí. Èyí tó wú èmi nọ́ọ̀sì lórí jù nínú iṣẹ́ wọn ni àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nípa mẹ́kúrì. Èéfín èédú máa ń gbé mẹ́kúrì wọ omi, ó ń ti ara ẹja kékeré bọ́ sí ti ńlá, walleye tó bá sì tóbi ló máa ń ní in lára jù. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Wọ́n wá fi àwọ̀ ya adágún kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí aláboyún tí wọ́n gbé ẹja wá fún lè béèrè adágún tí wọ́n ti mú un, kó sì mọ iye ìgbà tó lè jẹ ẹ́ lóṣù.