Òdòdó Tó Wà Lábẹ́ Ewé Ọ̀lẹ̀lẹ̀

Ta ni kò mọ ewé eéran, ewé ńlá tí a fi ń wé ọ̀lẹ̀lẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ló ti rí òdòdó rẹ̀ nínú yín? Èmi fúnra mi já ewé yìí fún ìyá mi títí mo fi dàgbà, n kò rí i. Òkè ni mo ń wò. Òdòdó náà wà nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, láàárín ewé gbígbẹ. Ó funfun, ó sì ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀ lára. Òun ló ń di èso pupa onígun mẹ́ta.

Bí ẹ bá la èso náà, ẹ ó rí kóró dúdú. Ohun rírọ̀ kan wà lára kóró náà, ó dùn púpọ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní 1855, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì fi orúkọ dókítà náà sọ ewéko wa! Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Nẹ́dálándì yọ ohun tó ń mú un dùn jáde. Bí a bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ṣúgà, ó dùn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2000.

Ewéko yìí fẹ́ràn ibòòji. Abẹ́ igi ńlá ló ń gbé. Bí igi bá tán, òun náà a máa ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo bí igi ṣe ń tán lọ́dọ̀ wa.

Láyé àwọn bàbá wa, epo àti èkùrọ́ di ọjà ńlá ní Àjàṣẹ́. Àwọn Faransé la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobè kí epo lè tètè dé etí omi. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀pẹ bọ́ wa o, n kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n oko ọ̀pẹ àti oko àgbàdo gba ilẹ̀ igbó.

Ohun ìyanu ni pé ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọ̀pẹ yẹn gan-an ni igbó kan ṣẹ́ kù sí, igbó tí ìjọba dá sí. Èyí tó ṣẹ́ kù yàtọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ igbó Orò àti igbó òrìṣà. Ìbẹ̀rù àwọn àgbà ló pa wọ́n mọ́. Ní 2012, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe àṣẹ kan tó fún irú igbó bẹ́ẹ̀ ní ààbò òfin.

Ẹ̀yin ìyá tó ń já ewé, ẹ gé igi ewé nìkan. Ẹ má fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, nítorí inú ilẹ̀ ni ewé mìíràn ti ń hù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ rọra fi ọwọ́ ya ewé gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òdòdó wà níbẹ̀.