Ẹ̀rí Ọkàn: Ṣé Làákàyè Ló Bí I, àbí Kọ́lọ́fín Inú?

Ẹ̀rí ọkàn ló ń dá ènìyàn lẹ́bi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jiyàn lórí orísun rẹ̀. Àwọn kan ní làákàyè ni. Àwọn mìíràn ní kọ́lọ́fín inú ni, níbi tí ojú oní-nǹkan gan-an kò tó.

Socrates ará Athens, tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, sọ pé ohùn kan máa ń dá òun lẹ́kun bí òun bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́. Ohùn náà kì í ṣe àlàyé kankan. Síbẹ̀, Socrates yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi ọgbọ́n wádìí ohun gbogbo.

Thomas Aquinas, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó kú ní ọdún 1274, gbè sẹ́yìn làákàyè. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ni ìdájọ́ tí làákàyè ń ṣe nígbà tó bá fi ìmọ̀ rere àti búburú wọn ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, ó lè ṣìnà. Ní ọdún 1739 sí 1740, David Hume ará Scotland ta ko irú èrò bẹ́ẹ̀: ó ní ìmọ̀lára ló ń ti ènìyàn síwájú, làákàyè nìkan kò lè sún ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1797, Immanuel Kant ti ilẹ̀ Jámánì pe ẹ̀rí ọkàn ní ilé ẹjọ́ inú, níbi tí èrò ènìyàn ti ń fi ẹ̀sùn kan ara wọn, tí wọ́n sì ń gbèjà ara wọn.

Nígbà tó di ọdún 1871, Charles Darwin so ìhà méjèèjì pọ̀. Ó ní ẹranko yòówù tó bá ń gbé pọ̀ bí ẹbí, tó sì ní ọgbọ́n tó tó ti ènìyàn, yóò ní ẹ̀rí ọkàn dandan.

Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ kọ́lọ́fín. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1923, ó ṣàlàyé pé ọmọ kékeré a máa gbé àṣẹ àti ìbáwí òbí rẹ̀ mì, títí wọn yóò fi di adájọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ adájọ́ yìí ló fara sin, ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìmọ ohun tí òun ṣe.

Jean Piaget ará Switzerland lọ bi àwọn ọmọdé fúnra wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1932, ó ròyìn ìtàn ọmọ kan tó ṣèèṣì fọ́ ife 15, àti òmíràn tó fọ́ ẹyọ kan níbi tó ti ń jí jáàmù. Àwọn ọmọ kéékèèké sọ pé ẹni tó fọ́ 15 ló jẹ̀bi jù. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ wo èrò inú ẹni tó fọ́ ife. Bí ọgbọ́n wọn ṣe ń pọ̀ ni ìdájọ́ wọn ń yí padà.

Ní ọdún 2001, Jonathan Haidt ará Amẹ́ríkà tún yẹ àga mọ́ làákàyè nídìí: ó ní inú ti máa ń ṣèdájọ́ kí làákàyè tó wá àwíjàre.

Kò sí ìhà tó jàre tán. Kọ́lọ́fín inú ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ohun tí ilé àti ìlú fi sínú ọmọ ló sì ń sọ, ì báà dára, ì báà burú. Iṣẹ́ làákàyè ni láti tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kò tíì ní ẹ̀rí ọkàn tó dàgbà.