Gbígba Ìtàn Maroko Sílẹ̀ Lẹ́nu Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ rédíò yín.

Ẹni tí ó bá ti Victoria Island kọjá sí Lekki lónìí, ilé ńláńlá ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni Maroko wà rí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí ọ̀gágun Raji Rasaki jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde, katapílà sì wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó 300,000 ènìyàn tí ó di aláìnílé. Àwọn kan forí lé Ilasan, àwọn kan Ikota, àwọn kan Ajah. Ẹni ogójì ọdún ìgbà náà ti kọjá àádọ́rin báyìí, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé e dání lọ. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ìwé ìròyìn ọdún náà sọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà náà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kí á dárúkọ òun, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ ní Èkó. Ẹ má bi í pé, "Ṣé ó dùn yín nígbà tí wọ́n wó ilé yín?" Ta ni yóò ní kò dun òun? Èmi bi ìyá àgbà kan ní Ajah pé, "Màmá, kí ni ẹ kọ́kọ́ gbé jáde?" Ó ní ìlẹ̀kùn ni. Mo ní, "Ìlẹ̀kùn kẹ̀, Mà?" Ó ní bí òun bá ti ní ìlẹ̀kùn lọ́wọ́, ilé mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo àṣìṣe mi. Ìta gbangba ni a jókòó sí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń fẹ́ wọnú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo délé, fùù, fùù ni mo ń gbọ́. Mo padà lọ, Màmá tún un sọ fún mi nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò gùn tó ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti jáde lẹ́nu. Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn wà lára àwọn ará Maroko. Bí Ìlàjẹ bá sọ èdè tirẹ̀, ẹ má yí i sí ti Ọ̀yọ́. Bí àgbà méjì bá dárúkọ ọjọ́ tí ó yàtọ̀ síra, ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ má sì fi ohùn náà sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó gbọ́ ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó láti tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ da ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mìíràn sí ilé ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo mú ti Màmá padà lọ fún un kí ó gbọ́, ó ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní kí a tún ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn gbọ́. Ó wá mi orí. Ó ní ìlẹ̀kùn méjì ni, òun ti gbàgbé ti ilé ìdáná. A sì tún tan ẹ̀rọ.