Bí àìní òkun ṣe ń gbówó lórí ọjà ní Niger

Orílẹ̀-èdè 16 ni kò ní òkun nílẹ̀ Áfíríkà. Niger, tó bá Nàìjíríà pààlà lápá àríwá, wà lára wọn. Òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí ibi tí orílẹ̀-èdè wà ṣe ń kan àpò ará ìlú.

Kí ni òkun ń ṣe fún ọrọ̀ ajé?

Ọkọ̀ ojú omi ló dínwó jù láti fi kó ẹrù púpọ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Oníṣòwò Cotonou, èbúté ìlú rẹ̀ ló ti máa gbẹ́rù. Ti Niamey kò rí bẹ́ẹ̀ o. Tírélà ṣì máa gbé ẹrù náà rin nǹkan bíi 1,000 kìlómítà láti Cotonou. Owó epo, owó awakọ̀, owó ẹnubodè, orí oníbàárà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí.

Odò Ọya gba Niamey kọjá lóòótọ́, àmọ́ omi rẹ̀ máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ò lè gbà á débẹ̀ láti òkun.

Tí aládùúgbò bá tilẹ̀kùn ńkọ́?

Lọ́jọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. ECOWAS ti ẹnubodè, Nàìjíríà sì gé iná tó ń fún wọn. Tírélà tò sí Malanville ní Benin, wọn ò lè sọdá. Oúnjẹ wọ́n gógó ní Niamey.

Nígbà tí ECOWAS tú òfin náà ká lóṣù Kejì, ọdún 2024, Niger fúnra rẹ̀ ò ṣí ẹnubodè òun àti Benin. Benin náà gbẹ̀san: lóṣù Karùn-ún, kò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n gbé epo rọ̀bì Niger sínú ọkọ̀ ní Sèmè. Bẹ́ẹ̀, páìpù tó gbé epo náà wá láti Agadem gùn tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà.

Ṣé kádàrá ni?

Rárá. Switzerland ò ní òkun, àmọ́ ọkọ̀ ń gba odò Rhine lọ sókun láti ibẹ̀, àwọn tó yí i ká sì lówó láti ra ọjà rẹ̀. Botswana náà ò ní, ó fi owó dáyámọ́ńdì kọ́ ilé ìwé àti títì. Àwa tá a ní òkun ńkọ́? Ṣebí tírélà ti sùn sójú títì Apapa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ rí.

Lójú tèmi, Niger ò lè gbé ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ òkun. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni bí òun àti Benin ṣe máa gbé pọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń jà, ẹni tó ń ra ìrẹsì lọ́jà Niamey ló ń sanwó ìjà náà.