Oko Etílé Tó Di Jẹ́ríkò

Ẹni tó bá ń gba Jẹ́ríkò kọjá, tó rí ilé ńláńlá lábẹ́ igi, kò ní mọ̀ pé oko àti igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó, ní nǹkan bíi ọdún 1829, ẹ̀yìn odi ni ará ìlú ń dáko etílé sí.

Rélùwéè dé ní 1901. Òyìnbó ìjọba wá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ara wọn. Ènìyàn dúdú tó bá ń sùn níbẹ̀, kúùkù tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni, bọ́ìsì kọ́tà sì nilé rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira 1960, àwọn ọ̀gá tiwa kó wọlé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ilé Bódìjà ní 1959.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Owó gbà-má-bínú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án. Ilẹ̀ ní tirẹ̀, ọdọọdún ló ń gbówó lórí. Òfin 1978 tún fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà.

Nísinsìnyí ó ti kan oko Mọ́níyà àti Ìdó. Tòmátì wa, Òkè Ọya ló ti ń wá sọ́jà Bódìjà. Ẹ̀yin ará, bí a bá fi gbogbo oko kọ́lé tán, kí la ó máa sè nínú ilé ìdáná?